Kílódé, Ọmọ Alágbàfọ̀

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti ti Alágbàfọ̀, ògiri náà kò sì nípọn rárá. Bí mo bá ń dirun fún oníbàárà, mo máa ń gbọ́ bí áyọ́ọ̀nù rẹ̀ ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lórí tábìlì, mo máa ń gbọ́ omi tó ń wọ́n sórí aṣọ, mo sì máa ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ń lọ níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní olófòófó o. Etí ni Ọlọ́run fún mi, n kò sì lè tìtorí aládùúgbò fi òwú dí i.

Mo dàgbà jù ú lọ, ìyẹn ló ṣe ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n. Ènìyàn jẹ́ẹ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kì í yá. Alágbàfọ̀ mìíràn á fi áyọ́ọ̀nù gba orí ṣẹ́ẹ̀tì kọjá, á ní ó ti tán. Tiwa yìí ò ní gbà. Á lọ kọ́là, á lọ apá, á gbé e sókè síwájú fèrèsé, á wo ọrùn rẹ̀ tìfura-tìfura bí ẹni pé aṣọ náà ń purọ́ fún un, á sì tún dá a padà sórí tábìlì. Nítorí náà, kò sí ìgbà tí wàá dé ibẹ̀ tí o kò ní bá àwọn oníbàárà lórí bẹ́ǹṣì gígùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú nínú wọn á sọ̀rọ̀ sí i. Òun á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ẹ má bínú, ó ku díẹ̀." Ó ku díẹ̀ tirẹ̀ yẹn! Mo ti rí ẹni tó sùn lé e lórí, tó tún jí, tí kò tíì tán.

Èmi máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé sùúrù tí Ọlọ́run ń pín fún gbogbo àdúgbò, òun nìkan ló dá gbé e sílé. N kò mọ ohun tó fi sùúrù náà ṣe títí di ọ̀sán ọjọ́ òjò kan, tí aṣọ ò lè gbẹ, tí oníbàárà ò lè jáde, tí àwa méjèèjì jókòó lẹ́nu ọ̀nà tí à ń wo omi. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà lórí àpótí kékeré lábẹ́ tábìlì, ó ń fi bọ́tìnnì ṣeré. Ọmọ náà ti tó ẹni tó yẹ kó máa sọ̀rọ̀ dáadáa nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan rí. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọrin, wọ́n ti ń bú ara wọn, wọ́n ti ń fi ẹjọ́ ara wọn sùn. Òun á kàn máa wò ni.

Alágbàfọ̀ ní lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kò ké. Ó ní àwọn nọ́ọ̀sì gbá a nídìí, wọ́n fa nǹkan jáde nímú rẹ̀, wọ́n ń sáré kiri, kó tó wá ké kín-ín bí ọmọ ológbò. Nọ́ọ̀sì àgbà kan wá pe òun àti ìyàwó òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì sọ ọ̀rọ̀ fún wọn láìfi nǹkan bò. Ọmọ á yè, ó ní, ṣùgbọ́n èémí ò tètè dé orí rẹ̀. Ó lè pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó lè má tètè máa mọ nǹkan bí ọmọ yòókù. Ó sì lè má sí nǹkan kan tó máa ṣe é. Kò sẹ́ni tó lè sọ báyìí, àfi kí wọ́n máa wò ó, kí wọ́n sì dúró.

"Ohun tí à ń ṣe náà nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "À ń dúró."

Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí mo ń gbọ́ láti ẹ̀yìn ògiri wá yàtọ̀ létí mi. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, ilẹ̀ kì í mọ́ kó tó jáde nílé, nítorí náà ọ̀dọ̀ bàbá lọmọ máa ń wà. Alágbàfọ̀ á sì máa bá a sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. "Wo kọ́là yìí, ọmọ mi, ó ti gbó." "Ọ̀gá tó ni ṣòkòtò yìí ti sanra, ṣé o rí ibi tí wọ́n tú?" "Oòrùn ti yọ o, ká lọ sá aṣọ." Ọmọ ò ní dáhùn. Òun náà ò ní dákẹ́. Nígbà míràn ojú mi á kún fún omi, màá sì sọ fún ẹni tí mò ń dirun fún pé ọṣẹ ìfọrun ló ta sí mi lójú.

Bó ṣe sọ̀rọ̀ nìyí. Ọ̀sán ni, oòrùn mú ganrínganrín. Alágbàfọ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ó ń da búlúù sínú omi tó fẹ́ fi ṣan àwọn ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ọmọ dìde lórí àpótí rẹ̀, ó wá dúró ti ọpọ́n, ó wo omi tó ti di aláwọ̀ aró, ó wo ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó ní:

"Kí ló dé?"

Ṣẹ́ẹ̀tì já bọ́ lọ́wọ́ Alágbàfọ̀, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, tó jọ ariwo, ìyẹn nìkan ni. "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá o! Ó sọ̀rọ̀!" Mo sáré jáde tòun ti ìyarun lọ́wọ́, mo fi oníbàárà mi sílẹ̀ tòun ti irun apá kan. Nígbà tí mo fi máa dé ibẹ̀, ó ti kúnlẹ̀ síwájú ọmọ náà, omi ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń sọ pé, "O ṣé. O ṣé, ọmọ mi. O ṣé." Ọmọ náà ń wò ó bí ẹni pé orí bàbá òun ti dàrú. Ó nawọ́ sí omi búlúù lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní, "Kí ló dé?" nítorí pé kò tíì rí ìdáhùn gbà. Alágbàfọ̀ wá rántí ara rẹ̀, ó ṣàlàyé fún un pé bí aṣọ funfun bá ń dàgbà, ó máa ń fẹ́ pọ́n, búlúù díẹ̀ ló sì máa ń jẹ́ kí ojú tún rí i bíi funfun. Ọmọ náà gbọ́ ọ, ó mi orí, ó padà sórí àpótí rẹ̀.

Bí ẹnu ṣe ṣí nìyẹn, kò sì tún pa dé mọ́. Orúkọ gidi wà tí wọ́n sọ ọ́ o, ṣùgbọ́n Kílódé ni gbogbo wa ń pè é, mo sì rò pé òun fúnra rẹ̀ ti ń gbàgbé èyí tó kù. Kí ló dé tí ooru áyọ́ọ̀nù ń lọ sókè, tí omi ń lọ sísàlẹ̀? Kí ló dé tí ṣòkòtò ọ̀gá yìí ń gbó lórókún, tí ti ọ̀gá yẹn ń gbó nídìí? Kí ló dé tí oòrùn ń gbẹ aṣọ lára okùn, tó sì ń mú kí ara Bàbá tutù fún òógùn? Ìyẹn gan-an, mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri, mo gbé ìyarun sílẹ̀, mo jókòó, nítorí pé èmi tí mo ti ń làágùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò rò ó rí.

Èyí tí Alágbàfọ̀ bá mọ̀, á dáhùn. Èyí tí kò bá mọ̀, á ní, "N kò mọ̀ o. Jẹ́ ká jọ wò ó." Wọ́n á sì wò ó lóòótọ́. Mo ti rí i tó sá áńkáṣíìfù kan sínú oòrùn, tó sá ìkejì sábẹ́ òrùlé, tí bàbá àti ọmọ sì ń lọ fọwọ́ kàn wọ́n lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tó ń wo àìsàn, nígbà tí àwọn oníbàárà ń wò wọ́n láti orí bẹ́ǹṣì tí inú ń bí wọn. Ìbéèrè yòówù kí ó jẹ́, kí ó tó dáhùn, á kọ́kọ́ sọ pé, "O ṣé." Mo bi í lọ́jọ́ kan pé irú bàbá wo ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó máa yọ mí lẹ́nu."

Inú rẹ̀ ń dùn ju bó ṣe lè fi pa mọ́ lọ. Bí oníbàárà bá dé, á kọ́kọ́ ròyìn ohun tí Kílódé bi í lánàá kó tó gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọ̀hún sì ń fún un ní ohun tó ń ròyìn. Òwú oríṣiríṣi ni Alágbàfọ̀ fi ń ṣe àmì sínú aṣọ kí ti ẹnì kan má baà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ṣé o rí i, kò sẹ́ni tó kọ́ Kílódé. Ó kàn ń wò láti abẹ́ tábìlì ni, títí tó fi di pé bí ẹnì kan bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, á ti sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Òwú pupa ń bọ̀."

Ó tún ní ti ìkíni. Bàbá rẹ̀ kọ́ ọ pé kò sí ohun tí èèyàn ń ṣe tí kò ní bí wọ́n ṣe ń kí i. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó ti ìrìn àjò dé, ẹ kú ìrìn. Ó ronú sí i títí, ó ní, "Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ńkọ́? Wọn ò ṣe nǹkan kan."

"Wọ́n ń dúró de aṣọ wọn," bàbá rẹ̀ dáhùn. "Ẹ kú ìdúró là ń kí wọn."

"Ṣé iṣẹ́ ni ìdúró ni?"

Mo gbọ́ tó gbé áyọ́ọ̀nù lé orí irin rẹ̀. "Iṣẹ́ ńlá ni, ọmọ mi."

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnì kan bá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, Kílódé á jáde láti abẹ́ tábìlì, á kó ẹsẹ̀ jọ, á tẹ orí ba díẹ̀, á ní, "Ẹ kú ìdúró o," á sì padà síbi tó ti wá. Ọkùnrin kan wà tó ti ń gbaná jẹ lọ́jọ́ kan, tó fẹ́ kó aṣọ rẹ̀ lọ tòun ti omi lára wọn. Ọmọ kí i báyìí, ọkùnrin náà rọ̀ wọ̀ọ̀, ó padà jókòó. Mo sọ fún Alágbàfọ̀ pé kó máa sanwó fún ọmọ náà.

Nígbà tí ó tó àsìkò ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ní kí àwọn òbí kó ọmọ wá, kí Tíṣà wo àwọn tó ti lè bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí àtàwọn tó yẹ kó dúró. Èmi ni mo dirun fún un. Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ lọ kaba rẹ̀ títí tí kaba náà fi lè dá dúró láìsí ọmọ nínú rẹ̀. Wọ́n jáde lówùúrọ̀, bàbá ń rìn bí ẹni tó ń mú ìyàwó lọ sílé. Mo ní nígbà tí wọ́n bá dé, màá gbọ́ ìròyìn títí etí mi á fi kún.

Wọ́n dé, n kò gbọ́ nǹkan kan. Áyọ́ọ̀nù nìkan ni mò ń gbọ́. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo yà síbẹ̀. Alágbàfọ̀ dúró ti tábìlì, kò wo ojú mi.

"Wọ́n ní kó dúró di ọdún tó ń bọ̀," ó ní. "Wọ́n fi àwòrán hàn án, ó mú èyí tí kò yẹ. Wọ́n ní kó to òmíràn, ó tò ó sódì. Wọ́n bi í ní àwọ̀, ó dákẹ́." Ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mo rò pé ó ti kọjá. Mo ti ń fi ọmọ yangàn kiri, n kò mọ̀ pé ojú ìfẹ́ ni mo fi ń wò ó."

Kí n tó rí ohun tí màá sọ, òórùn gba inú ṣọ́ọ̀bù. Orí aṣọ ìrọ̀rí oníbàárà ló gbé áyọ́ọ̀nù lé, áyọ́ọ̀nù sì ti ya àwòrán ara rẹ̀ síbẹ̀ rekete. Alágbàfọ̀ yìí, tí kò jó aṣọ rí! Kílódé yọ orí jáde lábẹ́ tábìlì.

"Bàbá, kí ló dé tí nǹkan fi ń rùn?"

Ó ní, "Aṣọ ló jó." Kò sọ pé o ṣé. Mo dúró kí n gbọ́ ọ, n kò gbọ́ ọ. Ohun tó dùn mí jù lọ́jọ́ náà nìyẹn, ó dùn mí ju ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ náà wá jókòó sí, bóyá nítorí pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti pọ̀ jù lápá ọ̀hún. Mò ń tú irun ẹnì kan lọ́wọ́. Mo kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dá a lára yá ni, mo ní kó sọ ohun tí Tíṣà bi í fún mi.

Ó ní àwòrán ṣẹ́ẹ̀tì, ṣòkòtò, bàtà àti kọ́tìnì ni. Tíṣà ní kí òun mú èyí tí kò bá àwọn yòókù rìn, òun sì mú bàtà. Inú mi kọ́kọ́ bàjẹ́, nítorí pé kọ́tìnì ni èmi náà ì bá mú. Mo ní, "Kílódé, bàtà kẹ̀? Kí ló dé?"

Ó gbójú sókè wò mí. Ó dá mi lójú pé láti àná, ẹnikẹ́ni ò tíì bi í ní ìbéèrè yẹn, òun tó jẹ́ pé ìbéèrè náà ni orúkọ rẹ̀. Ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi, ó sì sọ ti àwòrán kejì. Bó ṣe sọ ọ́ tán, inú bí mi gidi. Mo bẹ oníbàárà mi kó fún mi láyè díẹ̀. Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́ mi, mo fa Kílódé lọ́wọ́ ọ̀tún, mo yà sọ́dọ̀ Alágbàfọ̀, mo fà á lọ́wọ́ òsì.

"Gbé áyọ́ọ̀nù yẹn sílẹ̀. Orí irin rẹ̀ ni kó o gbé e lé lónìí o, má gbé e lé aṣọ ẹni ẹlẹ́ni. Ó yá, ilé ẹ̀kọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ lọ sọ?"

"Ìwọ ṣáà tẹ̀ lé mi."

Ní gbogbo ojú ọ̀nà ni mo ń to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ẹnu mi ò dára bí inú bá bí mi, ọjọ́ náà sì ni mo kó èyí tó mú jù lọ dání. Mo máa bi Tíṣà bóyá wọ́n bí i ní yàrá ìkàwé ni. Mo máa bi í ta ló sọ pé orí ọmọ ò pé.

A bá a nínú kíláàsì, àwọn ọmọ ti lọ sílé, ó ń nu pátákó ìkọ̀wé. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ẹfun ti bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ káàsán, mà. Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Àga àwọn ọmọdé nìkan ló wà níbẹ̀. Mo jókòó, orókún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Jọ̀ọ́, gbìyànjú kó o jà lórí irú àga bẹ́ẹ̀. Kò ṣeé ṣe.

Síbẹ̀ mo ní, "Tíṣà, ọmọ yìí ní ìdí tó fi mú bàtà."

Mo rò pé á ṣe àwáwí. Ńṣe ló gbé dọ́sítà sílẹ̀. "Ó ní ìdí?" Ó lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù, ó kó àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì kékeré níwájú Kílódé, ó sì bẹ̀rẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé. Mo ti la ẹnu láti ṣàlàyé, ó gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́." Ó kọjú sí ọmọ náà. "Kí ló dé tó o fi mú bàtà?"

Kílódé wo àwòrán. Kò sọ nǹkan kan.

A dúró. Mo gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ ẹni tó ń gbálẹ̀ níta. Ọmọ náà ti ẹnu síwájú, ó fi ìka kan etí bébà, kò sọ̀rọ̀. Mo wo Alágbàfọ̀, mo sì mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: pé ẹnu yẹn ti tún pa dé. Ó ti di etí àga mú. Ó ní, "Tíṣà, ohun tó fẹ́ sọ ni pé..."

"Ẹ jẹ́ ká dúró dè é, sà," ni Tíṣà wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹ wo ẹni tí wọ́n ń sọ fún pé kó dúró! Ṣùgbọ́n ó dúró.

"Ṣẹ́ẹ̀tì máa ń wá sọ́dọ̀ wa," Kílódé ní níkẹyìn, ohùn rẹ̀ kéré. "Ṣòkòtò máa ń wá. Kọ́tìnì náà máa ń wá tó bá ti dọ̀tí. Bàtà kì í wá. Bí wọ́n bá gbé e wá, Bàbá á ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń rán bàtà."

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó mú àwòrán kejì jáde, èyí tí wọ́n ń tò bí ìtàn: ọmọ kan nínú aṣọ tó mọ́, ọmọ náà nínú ẹrẹ̀, ìyá rẹ̀ tó ń fọ aṣọ. Ó ní, "Èyí ńkọ́? Inú ẹrẹ̀ lo ti bẹ̀rẹ̀, o wá fi èyí tó mọ́ parí rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí," Kílódé dáhùn. "Èyí tó dọ̀tí ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Ìgbà tó bá mọ́ ló ń lọ."

"Àwọ̀ bébà tí mo ní kó o dárúkọ ńkọ́?"

"Mi ò tíì ronú tán lẹ ti pe ẹlòmíì. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ kí n ní funfun. Ṣùgbọ́n kò tíì rí búlúù."

Tíṣà gbé bébà náà lọ síwájú fèrèsé, gẹ́gẹ́ bí Alágbàfọ̀ ṣe máa ń ṣe, ó wò ó sókè sódò. Ẹ̀rín wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, ó ti pọ́n. Lẹ́yìn náà ló padà wá, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó sì bi í ní ohun tí n kò retí. Ó ní, "Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó wá lánàá, kọ́tìnì ni wọ́n mú. Ṣé wọ́n ṣì í ni?"

Ọmọ tó bá ti jàre, bẹ́ẹ̀ ni á sọ. Èmi àgbà yìí gan-an, bẹ́ẹ̀ ni ǹ bá sọ. Kílódé wo àwòrán. Ó wo kaba tó wà lọ́rùn ara rẹ̀, ó wo bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wá yíjú, ó wo fèrèsé kíláàsì, níbi tí kọ́tìnì kan ti so rọ̀.

"Wọn ò ṣì í," ó ní. "Ohun tí èèyàn ń wọ̀ làwọn ń wò. Fèrèsé ló ń wọ kọ́tìnì. Ohun tí à ń fọ̀ lèmi ń wò." Ó ronú díẹ̀ sí i. "Ẹ ò sọ èyí tó yẹ ká wò."

"Lóòótọ́ ni," Tíṣà dáhùn. "Mi ò sọ." Ó nàró, ó kọjú sí Alágbàfọ̀. Ó ní àwọn ọmọ pọ̀ lọ́jọ́ náà ju bí òun nìkan ṣe lè bójú tó lọ, pé ohun tí wọ́n mú lòun ń wò, òun kò ráyè bi wọ́n ní ìdí. Ó ní òun máa tún pe àwọn mìíràn padà nítorí ọ̀rọ̀ yìí. "Ẹ mú un wá lọ́jọ́ tá a bá wọlé, sà. Mo fẹ́ ẹ nínú kíláàsì mi."

Alágbàfọ̀ wá sọ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì fún un, gbogbo rẹ̀, ó ní òun ò fẹ́ fi nǹkan pa mọ́ fún un. Tíṣà gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ohun tí wọ́n rí nígbà náà, èmi ò lè sọ̀rọ̀ sí i. Ohun tí mo rí lónìí ni mo lè sọ. Ọmọ yín mọ ìdí tirẹ̀, ó sì lè wá ìdí ẹlòmíràn rí. Àwọn tí mo ń kọ́ tí wọ́n dàgbà jù ú lọ, ibẹ̀ ni mo ṣì ń mú wọn lọ díẹ̀díẹ̀. Ta ló ń kọ́ ọ nílé?"

"Kò sẹ́ni tó ń kọ́ ọ," Alágbàfọ̀ dáhùn. "Òun ló ń bi mí."

Gbogbo èébú tí mo kó dání, mo kó o padà sílé láìtú u. Mo tiẹ̀ sọ fún Tíṣà pé kó wá kí n dirun fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ó sì wá lóòótọ́ lẹ́yìn náà, kò tijú.

A ń bọ̀ lójú ọ̀nà, Kílódé wà láàárín wa, ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Alágbàfọ̀ ń wo iwájú, ó ń mí dáadáa, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀. A ti fẹ́ dé ìyànà tó lọ sí ọ̀dọ̀ wa nígbà tí ọmọ náà ní:

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ máa ń sọ pé o ṣé, tí mo bá bi yín ní nǹkan?"

"O ṣé," Alágbàfọ̀ ní, nítorí pé ó ti mọ́ ọn lẹ́nu. Ó wá gbọ́ ohun tí ó bi í. Ó dúró.

"Ẹ̀yin lẹ ń dáhùn," Kílódé ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Èmi ló yẹ kí n máa dúpẹ́."

Alágbàfọ̀ wò mí. Mo yíjú sí gọ́tà. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tèmi láti dá sí. Ó wá lóṣòó síwájú ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó gbá ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Nígbà tí a bí ọ, o ò ké," ó ní. "Nígbà tó yá, o ò sọ̀rọ̀. Èmi àti màmá rẹ, ojoojúmọ́ là ń dúró de ohùn rẹ. Ó pẹ́ kó tó dé. Nítorí náà, bó o bá ti bi mí ní nǹkan, ó máa ń dà bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Inú mi á dùn. Ìdí ẹ̀ nìyẹn."

Kílódé ti ẹnu síwájú, bó ṣe máa ń ṣe bó bá ń gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò. A dúró dè é, àwa méjèèjì. Ó wá yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ó kó ẹsẹ̀ jọ, ó tẹ orí ba, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe níwájú bẹ́ǹṣì.

"Ẹ kú ìdúró, Bàbá," ó ní.

Alágbàfọ̀ fi ọwọ́ bo ojú níbẹ̀, lójú títì, tí àwọn èèyàn ń kọjá. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ sunkún, kò sì sí ọṣẹ kankan nítòsí tí ǹ bá fi ṣe àwáwí.